Bí sóṣíà bá kan ilẹ̀kùn yín ní England: ìrànwọ́ ni, ìwádìí ni, àbí ẹjọ́?

Láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé England, gbólóhùn kan ló gbajúmọ̀ jù nípa iléeṣẹ́ káńsù tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé: "Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ." Ìbẹ̀rù yìí ti wọ̀ wá lára débi pé bí lẹ́tà káńsù bá dé, a kì í tíì kà á tán tá a ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í pe wòlíì. Ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ wàhálà ni pé sóṣíà wọ́kà kan náà, tó fi káàdì kan náà kọ́rùn, lè wá sílé lórí ọ̀nà mẹ́ta tí òfin là lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣẹ tó ní lórí ọ̀kan, kò ní i lórí èkejì. Òbí tí kò bá mọ èyí tó gbé e wá lè kọ ìrànwọ́ tó tọ́ sí i, ó sì lè fọwọ́ sí ìwé tí kò pọn dandan kó fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti lọ́jú pọ̀ sí i, torí àtúnṣe tó ń lọ lórí ètò yìí láti 2023. Ohun méjì ni ìjọba ń lé: kí ẹbí ti dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ kó tó dé kóòtù, kí káńsù, ọlọ́pàá, àwọn elétò ìlera àti iléèwé sì jùmọ̀ ṣiṣẹ́ lójú kan náà dípò kí oníkálukú máa kọ ìwé tirẹ̀ pamọ́. England nìkan ni àlàyé yìí kàn. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin tiwọn.

Ọ̀nà mẹ́ta, àṣẹ mẹ́ta

Òfin tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ni Children Act 1989, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kẹwàá 1991. Ọ̀nà kìíní wà ní abala 17. Abala yìí ló ní kí káńsù ran ọmọ lọ́wọ́ bí ìlera tàbí ìdàgbàsókè rẹ̀ bá máa fara gbá a láìsí ìrànwọ́, tàbí bó bá jẹ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Ìyọ̀ǹda òbí ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ lè gbà, ẹ lè kọ̀, ẹ sì lè gbà lónìí kẹ́ ẹ sọ lóṣù tó ń bọ̀ pé ó tó. Kíkọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n káńsù á bi ara rẹ̀ bóyá ọmọ náà máa wà nínú ewu láìsí ìrànwọ́ yẹn.

Ọ̀nà kejì ni abala 47. Bí káńsù bá ní ìdí tó múná dóko láti fura pé ọmọ kan ń jẹ, tàbí ó ṣeé ṣe kó jẹ, ìpalára tó lágbára, dandan ni kó ṣèwádìí. Kò nílò ìyọ̀ǹda yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, abala 47 kò fún sóṣíà wọ́kà láṣẹ láti já ilẹ̀kùn wọlé tàbí láti gbé ọmọ lọ. Ibi tó ti le ni pé bí ẹ bá kọ̀ kí wọ́n rí ọmọ láìnídìí, kíkọ̀ yẹn gan-an lè di ìdí tí wọ́n á fi lọ bẹ kóòtù fún àṣẹ pàjáwìrì.

Ọ̀nà kẹta ni kóòtù. Bí òbí kò bá yọ̀ǹda, adájọ́ nìkan ló lè fún káńsù ní ìpín nínú àṣẹ òbí lórí ọmọ. Ní pàjáwìrì, ọlọ́pàá lè fi ọmọ sí abẹ́ ààbò fún wákàtí 72, kò sì gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣẹ ààbò pàjáwìrì tí kóòtù ń fúnni kì í ju ọjọ́ 8 lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì lè fi ọjọ́ tí kò ju 7 kún un.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu òbí nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé abala 17 lẹ bá wá ni àbí abala 47?" Ẹ ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Sóṣíà wọ́kà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí ẹnikẹ́ni nínú ilé lọ́wọ́, ẹ bèèrè ògbufọ̀, kẹ́ ẹ má sì fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀.

Abala 17 tí àwọn èèyàn ń sá fún

Ìrànwọ́ abala 17 lè jẹ́ ẹni tó ń wá bá ìyá tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sọ̀rọ̀, ibi tí ọmọ tó ní ìpèníjà ti máa lo òpin ọ̀sẹ̀ kí ìyá lè sinmi, owó oúnjẹ, tàbí ilé. Ọ̀pọ̀ ẹbí tí físà wọn kò gbà wọ́n láyè láti jẹ owó ìrànwọ́ ìjọba rò pé ti káńsù náà wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Kò sí lára rẹ̀. Òfin kò ka ìrànwọ́ abala 17 mọ́ "public funds" tí wọ́n kọ sórí físà. Bí ilé bá bọ́ lọ́wọ́ ẹbí tí kò sì sí owó tí wọ́n á fi bọ́ ọmọ, káńsù lè pèsè ibùgbé àti owó oúnjẹ.

Wọ́n á béèrè àkọsílẹ̀ báǹkì, ìwé tó fi hàn bí ẹ ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, ìdí tíyẹn fi dópin, àti ibi tí ọ̀ràn ìwé ìgbélùú yín dé. Àwọn káńsù máa ń ṣàyẹ̀wò ipò ìwé yín lọ́dọ̀ Home Office, nítorí náà ó dára kẹ́ ẹ ti rí lọ́yà ìwé ìgbélùú kẹ́ ẹ tó lọ. Ibi tó ti sábà máa ń wọ́ ni pé ẹni tó wà ní kàńtà lè sọ pé ọmọ nìkan làwọn lè gbà sílé, àwọn kò lè gba ìyá. Abala 17 gbà wọ́n láyè láti ran gbogbo ẹbí lọ́wọ́ bí ìyẹn bá máa ṣe ọmọ láǹfààní. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò gbà, kẹ́ ẹ sì mú un lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ìwádìí abala 47 ṣe ń lọ

Tíṣà, dókítà tàbí aládùúgbò ló sábà máa ń ta káńsù lólobó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní MASH ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń dé, níbi tí òṣìṣẹ́ káńsù, ọlọ́pàá àti elétò ìlera ti ń jókòó pọ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 1, sóṣíà wọ́kà gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Bí ó bá jọ pé ewu wà, wọ́n á ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ pọ̀, ó kéré tán káńsù, ọlọ́pàá àti elétò ìlera. Wọn kì í pe òbí sí èyí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rí yín. Wọ́n á fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, nígbà míì níléèwé. Àyẹ̀wò gbogbo ipò ọmọ kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 45 lọ láti ọjọ́ tí ìfisùn dé. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà wọ́n fún ọmọ náà, ìpàdé ààbò ọmọ gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ pọ̀ yẹn.

Ìpàdé ààbò ọmọ yìí ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù, bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti gba ọmọ. Ohun tí wọ́n ń pinnu níbẹ̀ ni bóyá ọmọ nílò ètò ààbò, àti lábẹ́ orí wo nínú mẹ́rin: ìpatì, ìlù tàbí ìpalára ara, ìpalára ọkàn, fífi ìbálòpọ̀ ṣe ọmọ léṣe. Wọ́n máa ń pe òbí. Ẹ béèrè ìròyìn sóṣíà wọ́kà ṣáájú ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ kà á pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ọjọ́, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ ti ṣì. Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́ka sí lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n á máa dà kọ láti ìwé kan sí òmíràn, ó sì lè bá yín dé iwájú adájọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ètò ààbò, àwọn òṣìṣẹ́ tó kàn gbọ́dọ̀ ṣèpàdé pẹ̀lú yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Àgbéyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 3 lọ, àwọn tó bá tẹ̀ lé e kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà ju oṣù 6 síra.

Ọ̀rọ̀ ẹgba wá ńkọ́? Ní England, abala 58 nínú Children Act 2004 ṣì fi àyè tóóró kan sílẹ̀ fún òbí tó fọwọ́ gbá ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ bí ara ọmọ bá lé, bó bá dápàá, bó bá bó, àyè náà ti tì. Bẹ́líìtì, pankẹ́rẹ́ àti wáyà máa ń fi àpá sílẹ̀, àpá yẹn ni tíṣà sì máa rí nígbà eré ìdárayá. Scotland ti pa àyè náà rẹ́ pátápátá láti Oṣù Kọkànlá 2020, Wales láti Oṣù Kẹta 2022. Ohun tó ń ba ọ̀ràn jẹ́ ju ẹgba náà fúnra rẹ̀ lọ ni kí òbí kọ́ ọmọ ní irọ́ tó máa pa: ọmọ á sọ ọ̀tọ̀ fún tíṣà, á sọ ọ̀tọ̀ fún dókítà, àwọn méjèèjì á sì kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Òbí tó bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó sì sọ bó ṣe fẹ́ máa bá ọmọ wí láti ìsinsìnyí lọ, ti fún wọn ní ohun tí wọ́n lè kọ sínú ètò.

Ohun tó bí àtúnṣe

Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8 tí wọ́n bí ní Côte d'Ivoire, kú ní London ní Oṣù Kejì 2000 lẹ́yìn tí ìbátan tó mú un wá àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ti fìyà jẹ ẹ́. Àwọn dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ka ojú ọgbẹ́ 128. Ilé ìwòsàn rí i, káńsù rí i, ọlọ́pàá rí i, kò sì sẹ́ni tó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe jáde ní 2003, òun ló sì bí Children Act 2004.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nǹkan tó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀. Ní 2020, wọ́n pa Arthur Labinjo-Hughes, ọmọ ọdún 6, ní Solihull, wọ́n sì pa Star Hobson, ọmọ oṣù 16, ní Keighley. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, àwọn mọ̀lẹ́bí ti ké gbàjarè. Àwọn ẹbí Arthur ní fọ́tò ara ọmọ tó dápàá. Ìròyìn tó jáde lórí ikú àwọn ọmọ méjèèjì ní Oṣù Karùn-ún 2022 sọ pé wọn kò fetí sí ẹbí tó, àwọn iléeṣẹ́ kò sì so ohun tí wọ́n mọ̀ pọ̀ dáadáa. Ẹni bá rò pé ọ̀rọ̀ "ẹbí" nínú àtúnṣe yìí wà láti tu òbí lójú nìkan, kó rántí ìyẹn. Ẹbí tí wọ́n ní lọ́kàn ni gbogbo agbo tó yí ọmọ ká, títí kan ìyá àgbà tó lè sọ pé ilé tí ọmọ ọmọ òun wà kò dára.

Lóṣù kan náà, Josh MacAlister gbé àyẹ̀wò tirẹ̀ jáde lórí gbogbo ètò náà. Ó ṣírò pé bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìjọba, tó tó 80,000 nígbà náà, á sún mọ́ 100,000 láàárín ọdún mẹ́wàá, owó tó ń bá a lọ á sì kúrò ní bílíọ̀nù £10 lọ́dún, á kọjá bílíọ̀nù £15. Gẹ́gẹ́ bí òun ṣe rí i, owó ń lọ sórí ọmọ tí ilé rẹ̀ ti dàrú tán, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń lọ sórí ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mì.

Dorset, Lincolnshire àti Wolverhampton ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán ètò tuntun wò ní 2023, kí Lewisham, Luton, Redbridge, Walsall àti àwọn míì tó tẹ̀ lé wọn. Láti Oṣù Kẹrin 2025 ni wọ́n ti ń gbé e dé gbogbo England lábẹ́ orúkọ Families First Partnership.

Ohun tó yí padà nílé yín

Tẹ́lẹ̀, ẹbí tó nílò ìrànwọ́ díẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ bá le díẹ̀ sí i, wọ́n á gbé e fún sóṣíà wọ́kà mìíràn, òbí á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ètò tuntun, wọ́n da ìrànwọ́ kékeré àti ti abala 17 pọ̀ sábẹ́ orúkọ Family Help. Òṣìṣẹ́ aṣáájú kan ṣoṣo ló máa dúró tì yín, ẹni náà sì lè má jẹ́ sóṣíà wọ́kà. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ iléèwé tó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ewu, òṣìṣẹ́ yẹn kò ní lọ. Ẹlòmíì ló máa dara pọ̀: sóṣíà wọ́kà tó ní ìrírí gan-an lórí ààbò ọmọ, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí ọlọ́pàá, elétò ìlera àti káńsù ti jọ wà, ọ̀pọ̀ ibi sì ní elétò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Òun ló máa darí ìwádìí àti ètò ààbò.

Ní tiwa, àǹfààní ibẹ̀ pọ̀ ju àléébù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àléébù wà. Ẹni tó ń bá yín tọ́jú ilé ní Family Help lè wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣèpinnu lórí ewu. Ohun tí ẹ sọ fún dókítà nípa ọtí tí ọkọ ń mu lè dé etí sóṣíà wọ́kà, torí òfin gbà wọ́n láyè láti pín ìròyìn láìgba ìyọ̀ǹda bí ààbò ọmọ bá gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́ níwájú dókítà. Ẹ kàn má sọ ìtàn méjì fún ọ́fíìsì méjì. Àwọn tí òfin sọ di alábàáṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ààbò ọmọ jẹ́ mẹ́ta: káńsù, ọlọ́pàá àti ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso owó ìlera NHS ní agbègbè. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ṣe ojúṣe tí wọ́n kọ sínú ètò, irú bíi kí àyè ìtọ́jú ọpọlọ tí wọ́n ṣèlérí fún ìyá má yọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú yín pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tòbí. Ibi tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ti sábà ń já nìyẹn: gbogbo wọn mọ̀ nípa ìṣòro náà, kò sì sẹ́ni tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti tì í síwájú.

Ìpàdé ẹbí

Èyí ni apá tí Yorùbá lè tètè lóye jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa kì í béèrè fún. New Zealand ni ó ti wá. Àwọn Māori fẹ̀sùn kan ìjọba pé wọ́n ń kó ọmọ àwọn láìbá àgbààgbà ẹbí sọ̀rọ̀, òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1989 sì sọ ìpàdé ẹbí di ara ìgbésẹ̀. Ó dé Britain ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lábẹ́ orúkọ Family Group Conference. Ìwé òfin tí ìjọba gbé lọ sílé aṣòfin ní Oṣù Kejìlá 2024 fẹ́ sọ ọ́ di dandan pé kí káńsù fi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ ẹbí kó tó gba kóòtù lọ.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Òbí á gbà kí wọ́n ṣe é. Láìsí ìyẹn, kò ní wáyé. Káńsù á yan olùṣètò kan tí kò ní ọwọ́ nínú ìpinnu lórí ọmọ náà. Ẹ lè bèèrè ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tàbí ẹni tó mọ àṣà wa. Olùṣètò á lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ dárúkọ rẹ̀: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá, àbúrò ìyá tó ń gbé Leeds, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹbí. Ìmúrasílẹ̀ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè wọlé lórí fídíò.

Lọ́jọ́ ìpàdé, apá mẹ́ta ló ní. Ní àkọ́kọ́, sóṣíà wọ́kà á sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún ọmọ, láìfi ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì bò ó, á sì sọ ohun tí kò lè gbà rárá. Lẹ́yìn náà, gbogbo òṣìṣẹ́ á jáde kúrò nínú yàrá, olùṣètò pẹ̀lú wọn. Ẹbí nìkan ló máa kù, wọ́n lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀, wọ́n lè jẹun, wọ́n lè bínú. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti fẹnu kò, òṣìṣẹ́ á wọlé padà, wọ́n á ka ètò náà, sóṣíà wọ́kà á sì gbà á bí kò bá fi ọmọ sínú ewu.

Àyẹ̀wò ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023 fi àwọn ẹbí tí wọ́n fi ìpàdé yìí lọ̀ ṣáájú kóòtù wé àwọn tí wọn kò fi lọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n fi lọ̀, ọmọ 59 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ wọn dé kóòtù. Nínú àwọn tó kù, 72 ni. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 36 nínú 100 ló wà lọ́wọ́ ìjọba ní apá kan, 45 ní apá kejì. Kì í ṣe idán, àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn kò kéré.

Ohun tó ń ba ètò ẹbí jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ọ̀kan ni ètò tó kún fún "A máa dúró tì wọ́n." Sóṣíà wọ́kà kò lè yẹ ìyẹn wò. Ẹ kọ ọ́ báyìí: Ìyá Àgbà á máa gba ọmọ níléèwé ní Tuesday àti Thursday ní agogo 3:15, Bàbá kò ní sùn nílé títí tó fi máa parí ẹ̀kọ́ ìbínú, bí ìyá bá rí i pé àárẹ̀ ọkàn ti ń padà, Àǹtí tó wà ní Croydon ni yóò kọ́kọ́ pè, ọmọ á sì sùn síbẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó máa rọ́pò bí Ìyá Àgbà bá rìnrìn àjò lọ sílé. Èkejì ni ìtìjú. Ìyá kan lè kọ̀ láti dárúkọ ẹnikẹ́ni torí kò fẹ́ kí ẹbí ọkọ gbọ́, ọmọ á sì bá àjèjì lọ, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá tó ní yàrá òfìfo wà ní ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀kẹta ni kí ẹni tó ń lu ìyá wà nínú yàrá. Bí ọ̀rọ̀ ìlù bá wà láàárín tọkọtaya, ẹ sọ fún olùṣètò ní bòókẹ́lẹ́; ó lè ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kó má tilẹ̀ pè é. Ẹ̀kẹrin sì ni pé àwọn àgbà wa lè fẹ́ fi "ẹ ní sùúrù" parí ohun tí sùúrù kò lè parí.

Owó wà fún un nígbà míì. Ètò tuntun gba káńsù láyè láti ná owó sórí ìpinnu ẹbí: owó ọkọ̀ fún ẹni tó ń gbé ọmọ, bẹ́ẹ̀dì, fóònù. Ẹ béèrè Family Network Support Package pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an.

Bí ọmọ bá máa gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì

Bí mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ gba ọmọ tí káńsù ń wò, ẹ béèrè kí ọmọ tó kó lọ pé ta ló ṣètò rẹ̀. Bí káńsù ló gbé ọmọ fún un, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́, kí wọ́n sì máa san owó ìtọ́jú. Wọ́n lè fún un ní ìyọ̀ǹda fún ìgbà díẹ̀, ọ̀sẹ̀ 16, tí wọ́n lè fi 8 kún. Bí wọ́n bá ṣe é bí ẹni pé ẹbí ló dá a ṣe láàárín ara wọn, owó náà lè má yọjú. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló ti tọ́ ọmọ fún ọdún gbáko láìgba kọ́bọ̀ torí kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá máa pẹ́, kóòtù lè fún un ní Special Guardianship, tó ń fún un lágbára láti ṣe ọ̀pọ̀ ìpinnu lórí ọmọ láìgba àṣẹ lẹ́nu òbí, láìjẹ́ pé òbí kì í ṣe òbí mọ́.

Èyí tí Yorùbá ń ṣẹ̀ sí jù láìmọ̀ ni fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì láìsọ fún káńsù. Láti àwọn ọdún 1950 wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ló ń fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́ tí wọ́n rí nípasẹ̀ ìpolówó inú ìwé ìròyìn bíi Nursery World, kí wọ́n lè ráyè kàwé. Òfin ti le sí i lónìí. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 (ọdún 18 bó bá ní ìpèníjà) bá máa gbé ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí tàbí ìbátan tímọ́tímọ́, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú. Bí ọmọ bá ti wà níbẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Àwọn ìbátan tímọ́tímọ́ nínú òfin ni òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá àti ìyàwó pásítọ̀ kò sí níbẹ̀. Àbúrò ìyá àgbà kò sí níbẹ̀, irú ìbátan bẹ́ẹ̀ sì ni Victoria Climbié wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Káńsù á wá wo ilé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7, lẹ́yìn náà ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ 6 síra lọ́dún àkọ́kọ́, àti ọ̀sẹ̀ 12 síra lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀ bí ẹ bá sọ. Ẹ̀sùn wà nínú àìsọ.

Bí lẹ́tà ṣáájú kóòtù bá dé

Lẹ́tà tó sọ pé káńsù ń ronú láti lọ sí kóòtù ni ibi tí lọ́yà ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún òbí. Wọn kì í wo owó oṣù yín. Ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ọmọdé, kì í ṣe lọ́yà tó ra ilé fún yín, kẹ́ ẹ sì lọ sí ìpàdé tí lẹ́tà náà pè yín sí. Àwọn ẹlẹ́yinjú àánú Family Rights Group náà ní ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lórí fóònù. Bí wọ́n bá gbé ìwé abala 20 wá, èyí tí òbí fi ń gbà kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ káńsù, ìyọ̀ǹda ni, kì í ṣe àṣẹ: ẹ lè gba ọmọ yín padà nígbàkigbà. Bí sóṣíà wọ́kà bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i lálẹ́, ní ibi tí ẹ ti ń sunkún, ẹ sọ pé lọ́yà á kọ́kọ́ kà á.

Ìdájọ́ ní láti parí láàárín ọ̀sẹ̀ 26, àyàfi bí adájọ́ bá rí ìdí láti fa ọjọ́ gùn. Iye ọ̀sẹ̀ yìí ló ń ṣe àwọn ẹbí tó wà ní Nàìjíríà ní jàǹbá. Wọ́n lè yẹ ìyá àgbà tó wà ní Abẹ́òkúta wò, ọ̀pọ̀ ìgbà nípasẹ̀ àjọ CFAB tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, àmọ́ ó ń gba oṣù. Nàìjíríà kò sì sí lára àwọn tó wọnú àdéhùn Hague ti 1996 lórí ààbò ọmọ láàárín orílẹ̀-èdè, nítorí náà ìwé kóòtù England kò ní agbára fúnra rẹ̀ ní Èkó. Lọ́yà ní Nàìjíríà ní láti sọ ohun tí kóòtù ibẹ̀ máa ṣe. Ẹ má ṣe fi ọmọ ránṣẹ́ sílé nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́ pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ á tán. Sísá ni wọ́n máa pè é, adájọ́ sì lè ní kí wọ́n gba ìwé ìrìnnà gbogbo ilé.

Orúkọ Ìyá Àgbà, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà NIN rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, iléèwé tí ọmọ máa lọ, àti bó ṣe máa rí owó ìtọ́jú: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ fi lé lọ́yà lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé. Bí orúkọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní ọ̀sẹ̀ 20, adájọ́ lè sọ pé ọmọ kò lè dúró de àyẹ̀wò tuntun.